Aago Mẹ́wàá Àbọ̀ ní Ògìdì

Ní aago mẹ́wàá àbọ̀ òwúrọ̀,
nígbà tí òjìji igi kajú kò tíì sún mọ́ ìdí rẹ̀ tán,
ohun kan ń kọjá lórí Ògìdì
tí ajá kò gbó, tí àgbébọ̀ kò tìtorí rẹ̀ kó ọmọ sábẹ́ apá.
Sátẹ́láìtì ni. Ó fi ohun tó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlómítà
ga ju ibi tí àwòdì ń rábàbà sí.
Àríwá ló ti ń bọ̀, gúúsù ló ń lọ,
ó sì ti bá oòrùn mulẹ̀:
ibikíbi tí wọ́n bá ti jọ bojú wo ilẹ̀,
òwúrọ̀ kan náà ni yóò máa jẹ́.

Nítorí náà kò mọ ìrọ̀lẹ́ wa.
Kò rí àtùpà rí, kò rí ẹni tó ń tẹ́ ẹní síta nítorí ooru.
Bí òjò bá sì ti gbọ̀nà, oṣù mẹ́rin gbáko,
ìkùukùu ló ń yà tó ń pè ní Ògìdì.

Mo gbé àwòrán náà tọ Ìyá Mẹ́tibóba lọ nídìí òfì rẹ̀.
"Òkun o, Ìyá. Ẹ wo ilé wa láti òkè."
Kò wo ilé. Ó fi ìka tọ ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan
níbi tí àwọ̀ ewé ti yí padà lójijì.
Ó ní, "Wọ́n rán an ni. Ojú rírán rẹ̀ nìyí.
Ìbú kan, ìbú kan ló ń hun ún,
àmọ́ ẹni tó so wọ́n pọ̀ kò mọ̀ ọ́n rán."
Èmi tí mo lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì
kí n tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń ya ilẹ̀,
mo jókòó sórí àpótí, mo dákẹ́.

"Ibojì bàbá ńkọ́?"
Mo fi ìka lé e.
Ìka mi bo ibojì, ó bo ọgbà ẹ̀gẹ́, ó bo ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo ṣàlàyé pé ẹyọ àmì kan nínú àwòrán yìí
jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó;
òfì, ewúrẹ́ méjì, bàbá nínú simẹ́ńtì,
àmì kan náà ló gba gbogbo wọn,
àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì tó ti kan jù.

Láyé ogun Tápà, orí àpáta wọ̀nyí la sá gùn.
Ẹṣin kì í gun àpáta.
Ìyá ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu nínú ihò
títí ìró pátákò fi jìnnà.
Òkè tó bò wá lójú ẹni tó gba ìsàlẹ̀ wá
kò bò wá lójú ẹni tó gba òkè kọjá.
Ó rí àpáta. Ó rí ibi tí àwọn awakùsà gbẹ́ lọ́hùn-ún ní Yàgbà,
egbò pupa tó ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù.
Ṣùgbọ́n mo wá ihò náà títí, n kò rí i.
Ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu ọmọ.

Ìyá Mẹ́tibóba kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó ń ṣírò.
"Mítà mẹ́wàá. Aṣọ mélòó nìyẹn?"
Ó yá ti Ìyá Bùnmọ́, ó yá ti àwọn ará ilé òdìkejì,
funfun nìkan, ó ní bàbá kò fẹ́ràn aláràbarà.
Ó tẹ́ wọn sórí ibojì àti àyíká rẹ̀,
ó fi òkúta tẹ igun wọn mọ́lẹ̀,
ó bọ́ sábẹ́ òrùlé, ó ń wo aago mi.

Ọjọ́ kìíní, ìkùukùu.
Lọ́jọ́ karùn-ún sí i, ojú ọ̀run mọ́.
Nígbà tí àwòrán dé, àmì kan
funfun díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.
Ó lè jẹ́ páànù tuntun tí wọ́n kàn sí ṣọ́ọ̀ṣì.
N kò sọ fún un pé ó lè jẹ́ páànù.
Mo sáré lọ, mo ní, "Ìyá, ó rí i."
Ó ti ń ká aṣọ, kò gbójú sókè.
Ó ní kí n bá òun di etí kejì mú,
oòrùn yìí á ṣá wọn.